Ojúlé Kẹtàlélógún

Wọ́n fọ́ orí Tíṣà Pešout kí n tó mu bíà kejì tán. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ lè tètè mọ irú ọlọ́pàá tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀sán Sátidé ni. Gbogbo Kozlatín wà lórí pápá, à ń wo bí àwọn panápaná abúlé mẹ́rin ṣe ń figagbága. Èmi Bohdan Kudrna, ọlọ́pàá agbègbè, ọmọ bíbí ìlú, jókòó sáàárín àwọn tí a jọ kàwé, mo ń pariwo ju gbogbo wọn lọ. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ìlú ló sáré wọ pápá, ó káwọ́ lérí, ó ní wọ́n ti pa Tíṣà.

Kò tíì kú. Ó nà gbalaja sẹ́yìn tábìlì ìgbìmọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bo etí rẹ̀ òsì, òǹtẹ̀ irin tí ìlú fi ń lu ìwé wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù bàbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ṣóńṣó orí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà wà lórí tábìlì, ó là sí méjì. Agolo gbọọrọ tí ń gbé inú rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, ìwé mẹ́ta sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa nìyí: tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì bá gbó tí wọ́n gun un láti tún un ṣe, a ó sọ bọ́ọ̀lù kalẹ̀, a ó ka ohun tí àwọn tó ṣáájú wa kọ sínú rẹ̀ sétí gbogbo ìlú, a ó kọ tiwa kún un, yóò sì padà sókè fún àádọ́rin ọdún mìíràn. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló yẹ kí a ka ti ọdún náà. Tíṣà Pešout tó ń kọ ìwé ìtàn ìlú ni ìbá kà á. Ẹnì kan ò lè dúró di aago méjì.

Mo mọ ẹni náà lójú ẹsẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ní 1946, lẹ́yìn ogun àgbáyé, ni wọ́n kó àwọn Jámánì kúrò ní Kozlatín, tí wọ́n sì kó àwọn òbí wa wá láti ìlà-oòrùn láti wá jókòó sínú ilé wọn. Ìdílé Hönig nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nílùú, bí wọ́n tilẹ̀ gba ilé wọn, nítorí pé ọmọ Ṣẹ́ẹ̀kì ni ìyá Alfréd. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé Josef Hönig, bàbá àgbà Alfréd, ló yìnbọn pa Vavřinec Zelinka, àbúrò Matěj Zelinka tó jẹ́ alága ìlú àkọ́kọ́. Alága tó wà lórí àga báyìí, Ctibor Zelinka, ọmọ ọmọ Matěj ni. Iléèwé kan náà ni èmi àti Ctibor lọ. Ọ̀nà ilé Hönig la máa ń gbà tí a bá ń bọ̀, a ó sọ òkúta lu ilé oyin rẹ̀, a ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ní alẹ́ Fúráìdé, níbi tí a ti ń mutí, Alfréd wọlé, ó nàka sí Tíṣà níwájú gbogbo wa. Ó ní, “Tí ẹ bá ka irọ́ tí ẹ máa ń pa mọ́ bàbá àgbà mi yẹn níwájú mi lọ́jọ́ Àìkú, n ó fọ́ yín lórí!” Nígbà tí wọ́n wá fọ́ orí Tíṣà, ta ni kí n lọ mú? Ìda oyin wà lẹ́nu agolo tí wọ́n ṣí. Ẹnikẹ́ni ò rí Alfréd lórí pápá. Mo lọ bá a nídìí oyin rẹ̀, mo ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Ìwọ lo ṣe é, àbí?” ni mo bi í.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. “Ẹ ti dá mi lẹ́bi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, Bohdan. Kí lo tún ń béèrè fún?”

* * *

Ọ̀gá Otylie Skřivanová dé ọ́fíìsì ìlú láti ìlú Plzeň ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ bàtà àgbẹ̀, ó gbé báàgì kan kọ́rùn tí máàpù ń yọ jáde lẹ́nu rẹ̀. Awọnlẹ̀ ni kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Kò kí mi.

“Ta lo tì mọ́lé?”

“Alfréd Hönig, Ọ̀gá. Òun ló ṣe é.”

“Ó jẹ́wọ́?”

“Rárá o.”

“Ta ló rí i?”

“Kò sẹ́ni tó rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ̀.”

“Gbogbo ìlú. Ó dáa.” Ó fa àga, ó jókòó. “Bi í fún mi pé kí ló jẹ lánàá.”

Alfréd wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Mo kọjú sí i. “Alfréd, kí lo jẹ lánàá?”

“Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́, Kudrna?” Ọ̀gá ló dá sí i.

“Àádọ́ta, Ọ̀gá.”

“Òun ńkọ́?”

“Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.”

“O wá ń pè é ní ìwọ, bí ọmọ tí o rán níṣẹ́. Gbogbo ìlú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

Ojú tì mí díẹ̀, inú sì bí mi ju bí ojú ti tì mí lọ. Mo ní bó ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ó kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà, ó fa àwọn ìwé sọ́dọ̀. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ èdè Jámánì, ìkórè àti ìjà ààlà ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀kẹta, ti 1946, jẹ́ èdè wa. Ó kà á sókè:

“Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, bí a ti dé ojúlé kẹtàlélógún tó kọjú sí adágún omi, Josef Hönig yọ ìbọn lójú fèrèsé, ó sì yìn ín lu Vavřinec Zelinka tí kò mú ohunkóhun lọ́wọ́. Sójà tó wà pẹ̀lú wa ló pa Hönig lójú ẹsẹ̀. Ojú wa ló ṣe.”

“Ẹ rí i?” ni mo wí. “Ìwé yẹn ló wá jí.”

“Kí ló dé tí kò fi jí i?”

“Ẹ̀ẹ́n?”

“Ó wá jí ìwé. Ó fọ́ orí ènìyàn nítorí ìwé. Ó wá tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì dáadáa fún wa, ó lọ sílé. Irú olè wo nìyẹn?”

Mo ní bóyá ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó ti lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ìwé ìtàn ìlú àtijọ́ jáde, ó ṣí i láti ẹ̀yìn. Ojú ìwé kan tí wọn ò kọ nǹkan sí ti kúrò níbẹ̀, wọ́n fi abẹ gé e. Ó gbé ìwé 1946 lé e. Ó bá a mu régé.

“Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yìí?”

“Tíṣà. Àti Alága.”

“Hönig ńkọ́?”

“Hönig kẹ̀? Wọn ò tiẹ̀ ń jẹ́ kó wọ ọ́fíìsì yìí.”

Alfréd rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rín gbígbẹ kan báyìí.

* * *

Ó fi ẹsẹ̀ rin gbogbo Kozlatín já. Mo tẹ̀lé e nínú oòrùn, àwọn ènìyàn ń wò wá láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Iwájú ilé kọ̀ọ̀kan ló ti ń dúró wo nọ́ńbà, tí yóò fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí máàpù. Bàbá kan kígbe láti ojú fèrèsé rẹ̀ pé kí a kó ọmọ Jámánì náà lọ sí Jámánì, kí a yéé fi owó epo ìjọba ṣòfò. Ọ̀gá bi í pé ojúlé kelòó ni tiẹ̀. Bàbá náà pa fèrèsé dé.

Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró. Ojúlé kejìlélógún wà lápá òsì wa. Ojúlé kẹrìnlélógún wà lápá ọ̀tún. Láàárín wọn, èsìsì tó ga dé àyà ló wà níbẹ̀, àti igi ápù àtijọ́ méjì.

“Níbo ni ẹ̀kẹtàlélógún wà?”

“Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Ọ̀gá, létí adágún. Ilé funfun yẹn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.”

Ó tú máàpù kan sílẹ̀ sórí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó wò ó pẹ́, ó sì ká a. “Ebi ń pa mí. Níbo ni ìyá rẹ ń gbé?”

Ìyá mi, Anežka, ẹni ọgọ́rin ọdún, bu ọbẹ̀ olú àti ànàmọ́ fún wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n kó wọn wá. Ọ̀gá jẹun tán, ó nu ẹnu.

“Màmá, ọbẹ̀ yín dùn. Nígbà tí ẹ dé síbí, níbo ni ojúlé kẹtàlélógún wà?”

Ṣíbí ìbubẹ̀ já bọ́ sínú ìkòkò. “Níbi tó wà náà ni.”

“Létí adágún?”

“Mo ní níbi tó wà náà ni! Ṣé ọbẹ̀ ni ẹ wá jẹ àbí ẹ wá da ilé mi rú? Bohdan, mú àlejò rẹ lọ.”

Màmá mi kì í lé ènìyàn nídìí oúnjẹ. Mo dìde.

* * *

Lumír Kadlec, oníṣẹ́ páànù tó sọ bọ́ọ̀lù náà kalẹ̀, ń sùn nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ nígbà tí a kan ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà dábùú ọ̀nà òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ta ló fi ìda oyin dí ẹnu agolo?” ni Ọ̀gá bi í.

“Àwọn tó gbé e gòkè ní 1946 ni. Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń dí i, kí ìrì má baà wọlé. Mo rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo gbé bọ́ọ̀lù wá fún Alága.”

Ìda oyin tèmi ti yọ́ nìyẹn. Ọ̀gá ò tiẹ̀ wò mí.

“Ẹ̀yin àti ọkọ̀ yìí, níbo lẹ wà lánàá lọ́wọ́ ọ̀sán?”

“Níbí yìí náà. Mo mutí díẹ̀, mo sùn. Irin tí mo gbé sílẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, kò ṣeé sún.”

“Tí ọkọ̀ mìíràn bá fẹ́ gba ibí lọ òkè?”

“À fi tó bá ní ìyẹ́.”

* * *

A bá Ctibor Zelinka lójú pápá níbi tó ti ń kó bẹ́ǹṣì jọ fún àpéjọ ọ̀sán níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sanra, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ sí Ọ̀gá.

“Ẹ ti mú un. Kí lẹ tún ń wá kiri nílé onílé?”

“Ẹ̀yin lẹ ń darí ìdíje lánàá, Alága?”

“Èmi ni. Igba ènìyàn ló rí mi. Bohdan gan-an rí mi.”

“Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin?”

“Omi tán lẹ́yìn ìpele kìíní. Mo fi katakata gbé táǹkì lọ pọn omi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

Mo rántí. Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró. Ìgbà yẹn gan-an ni mo ra bíà kejì.

“Adágún ò ju ìdajì máìlì lọ,” ni Ọ̀gá wí. “Ogójì ìṣẹ́jú?”

“Ọ̀dá ti sọ adágún di ẹrẹ̀. Mo gun òkè lọ sí Ìsun Pupa. Omi ibẹ̀ kì í gbẹ.” Ó súnmọ́ ọn. “Ẹ gbọ́, Ìyáàfin. Ọmọ Jámánì yẹn ti ń fìtínà ìlú yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bàbá àgbà rẹ̀ pa ènìyàn wa. Lónìí òun náà ṣe tiẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dá a sílẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ fún ìlú níwájú gbogbo wa ní aago méjì, kí n wo bí ẹ ó ṣe jáde níbí.”

“N ó wá,” ni Ọ̀gá dáhùn. “Ẹ bá mi pa àyè kan mọ́.”

Ó kọjú sí ilé àwọn panápaná. Nínú ilé gíga tí a ti ń sá àwọn họ́ọ̀sì omi, wọ́n gbé àwọn tí a lò lánàá kọ́, gígùn wọn tó ilé méjì. Ó fi ọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbóòórùn ẹnu wọn, ó wá na ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

“Kí lo rí?”

“Kò sí nǹkan, Ọ̀gá. Wọ́n mọ́.”

“Àwọ̀ wo ni Ìsun Pupa máa ń fi sílẹ̀?”

Irin ló wà nínú omi yẹn. Aṣọ tí màmá mi fi omi rẹ̀ fọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, pupa bí ìpẹtà ló jáde, a ò sì wọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, ọkọ̀ Kadlec ti dí i. Omi ẹrẹ̀ kọ́, omi pupa kọ́. Omi ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ìlú, níbi tí Ctibor fúnra rẹ̀ ti lẹ ìwé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pọn omi nítorí ọ̀dá.

Mo jókòó sórí bàtà rọ́bà ẹnì kan. Ctibor ni mo jókòó tì ní kíláàsì fún ọdún mẹ́jọ. Ó dùn mí gan-an, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo ti ń mọ ohun tó kù.

* * *

Ní aago méjì, gbogbo Kozlatín ti pé síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mú Alfréd jáde nínú ọkọ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí Ọ̀gá ti ní kí n ṣe. Wọ́n hó lé e lórí. Obìnrin kan tutọ́ sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kó ba bàtà rẹ̀.

“Apànìyàn ọmọ apànìyàn!”

“Mú un lọ, Bohdan! Kí lo ń fi hàn wá?”

Ọ̀gá gun orí bẹ́ǹṣì. “Wọ́n pè mí láti ilé ìwòsàn. Tíṣà yín yóò yè, ṣùgbọ́n kò tíì lè sọ̀rọ̀. Alága, ẹ bá wa ka ìwé 1946.”

Ctibor kà á, ohùn rẹ̀ ròkè. Nígbà tó dé ibi ojúlé kẹtàlélógún tó kọjú sí adágún omi, gbogbo orí yíjú sísàlẹ̀, síbi ilé funfun.

“Ẹ ṣeun,” ni Ọ̀gá wí. “Bàbá Hönig, níbo ni wọ́n bí yín?”

“Ojúlé kẹtàlélógún.”

“Ẹ mú wa débẹ̀.”

Alfréd kò yíjú sísàlẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, a tẹ̀lé e, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé orí bàbá náà ti dàrú. Ó dé ibi èsìsì láàárín ilé méjèèjì, ó wọ inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewé náà ń jó o lọ́wọ́. Ó fi bàtà fọ́n erùpẹ̀. Òkúta ẹnu ọ̀nà kan yọ, ó ti jẹ láàárín níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti ń tẹ̀ ẹ́.

“Òkúta lásán nìyẹn,” ni Ctibor wí.

“Ní 1770,” ni Ọ̀gá wí, “àwọn sójà ọbabìnrin tó ń jọba lórí ilẹ̀ yìí nígbà náà wá ka ilé. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kọ nọ́ńbà bí ilé ti tẹ̀léra. Kejìlélógún nìyí. Kẹrìnlélógún nìyí. Ṣé wọ́n wá sáré lọ sísàlẹ̀ òkè lọ kọ ẹ̀kẹtàlélógún ni, kí wọ́n tó padà wá? Mo ti wo máàpù. Ilé yìí jóná ní 1949. Ní 1961 ni wọ́n fi nọ́ńbà rẹ̀ tí kò ní ilé mọ́ fún ilé tuntun nísàlẹ̀. Adágún yẹn gan-an, 1959 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ta wá ni ẹni tó rí ojúlé kẹtàlélógún níwájú adágún ní 1946? Ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló kọ ìwé yìí. Ẹni tó gbọ́jú lé nọ́ńbà tó ń rí lójoojúmọ́, tí kò bi àgbà kankan léèrè. Tíṣà Pešout kò jẹ́ ṣe irú àṣìṣe yẹn. Bàbá tí wọ́n bí síbí kò jẹ́ ṣe é.”

“Irọ́!” Ojú Ctibor ti pọ́n. “Máàpù Jámánì ni! Ta ló wà níbí nígbà náà tó lè jẹ́rìí? Ta ni?”

Àwọn àgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó lè jẹ́rìí ń wo ilẹ̀. Mo wo màmá mi. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú bí ẹni tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé lọ.

“Ibí yìí ni ojúlé kẹtàlélógún,” ló wí.

“Màmá Kudrnová, ẹ panu mọ́,” ni Ctibor wí.

“N ò panu mọ́. Òru ọjọ́ mẹ́ta la fi wà nínú ọkọ̀ ojú irin kí a tó dé. Ìyá ilé yìí ló gbé omi pàdé wa lórí òkúta yẹn, ó sì mọ̀ pé ilé òun la wá gbà. Mo mu omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nípa wọn, mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́.”

Ọ̀gá rìn lọ bá Ctibor, ó sọ ti họ́ọ̀sì funfun fún un, ti ọkọ̀ Kadlec, ti ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn ọ́fíìsì àti kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò pariwo. Ctibor ń mi orí, ó ń sọ pé kò sí ẹ̀rí, kò sí ẹ̀rí.

“Òótọ́ ni, ìwé gidi ò sí lọ́wọ́ mi,” ni Ọ̀gá wí. “N kò sì rò pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Ojo ni bàbá àgbà yín. Ó ṣe ohun tó ṣe, kò láyà láti sọ ọ́, ó kú sínú irọ́.”

“Ta lẹ ń pè ní ojo?” Ctibor ti bú gbàù, itọ́ ń fò lẹ́nu rẹ̀. “Ó kọ ọ́! Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́! Pé òun mutí yó, pé nítorí aago ògiri kan lòun ṣe na ìbọn sí Hönig, pé Vavřinec bọ́ sáàárín láti gbà á sílẹ̀ ni ìbọn fi bá a! Pé òun ní kí sójà pa Hönig kó má baà ríbi sọ̀rọ̀! Gbogbo rẹ̀ ló kọ, ó gbé e gòkè lọ síbẹ̀, ó wá fi ìtìjú rẹ̀ sílẹ̀ fún èmi! Kí ni kí n ṣe? Kí Tíṣà kà á níwájú ọmọ mi? Tíṣà wọlé bá mi níbi tí mo ti ń pààrọ̀ rẹ̀! Mo sun ún! Ó ti di eérú!”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ já lu etí ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Ó ti kọjá aago méjì dáadáa. Ẹ ṣeun, Alága. Ẹ ti bá wa kà á.”

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá. Mo wọ inú èsìsì lọ bá Alfréd. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo tú u tán, ojú ibi tí irin ti jẹ ẹ́ pupa. Mo lọ fi í sí Ctibor lọ́wọ́, òun náà sì na ọwọ́ méjèèjì fún mi láìwò mí.

Ẹnikẹ́ni ò tọrọ àforíjì. Wọ́n kàn là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí, wọ́n ń wo bàtà wọn, ẹnì kan lẹ́yìn sì ń kùn pé ọmọ Jámánì ṣì ni ọmọ Jámánì. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi yíjú wá ẹni náà, n kò rí i.

Màmá mi nìkan ló sún mọ́ ọn. “Ẹ̀rù ló bà mí, Alfréd.”

“Ọdún méjìléláàádọ́rin, Anežka,” ló dáhùn. “Ẹ̀rù ba èmi náà.”

Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. “Ẹ jẹ́ kí n gbé yín délé, Bàbá. Iwájú ni kí ẹ jókòó sí.”

Ó wo ọkọ̀ náà, ó wo ọ̀nà tó gba iwájú gbogbo ilé Kozlatín kọjá.

“Rárá. N ó fẹsẹ̀ rìn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi.”